Àwa Tí A Bomi Rin Ọ̀gànwó

Igi ọ̀gànwó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Adja-Ouèrè. Mẹ́rìndínlógún ni ìbá jẹ́, àmọ́ ewúrẹ́ jẹ tèmi. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ wa, Mùsíyọ̀ Rogatien, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní igi kan kó máa bomi rin. Èmi Oyèkẹ́mi ò ṣe ọgbà yí tèmi ká. Títí dòní, tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Ewúrẹ́ ni wọ́n ń pè mí.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ojú àgbàrá títì tuntun máa gba ibẹ̀, pé wọ́n máa gé gbogbo igi náà lọ́jọ́ Ajé, inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Mo gun alùpùpù lọ sí Kpoulou, mo lọ sí Massè, mo ń wá àwọn ẹgbẹ́ mi kàn. Hàkímù ti di bíríkìlà onírùngbọ̀n funfun.

"Hàkímù, wọ́n fẹ́ gé igi ẹ."

"Igi tèmi? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Lọ́jọ́ Ajé, kálukú dúró ti igi tirẹ̀. Àwọn tó ti kú, ọmọ wọn ló dúró. Àgbàlagbà ni wá, síbẹ̀ a tò bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tó fẹ́ gé igi ò sì mọ ibi tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wọn bi mí pé, "Màdáàmù, èwo ni tiyín?"

"Tèmi kú, ọ̀gá. Ẹ wá wo ibi tó wà tẹ́lẹ̀."

A jọ dúró sí àlàfo náà nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kò pẹ́ tó fi sá lọ sábẹ́ igi Hàkímù. Ibẹ̀ ló ti tẹ́ ìwé rẹ̀, tó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní òun lè gbé ojú àgbàrá náà sọdá sí òdìkejì, àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan máa wó.

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn?" ọ̀gá náà bèèrè.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo ti ń ránṣọ láti ogún ọdún. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Hàkímù ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀.

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ wó o."

Hàkímù sọdá títì, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lérí, ó gbé e wá sábẹ́ ọ̀gànwó rẹ̀.

"Jókòó," ló wí.

Orí mi wú bí mo ṣe jókòó.