Jìtá Tí Mo Ha Ìlú Rẹ̀ Kúrò Lọ́rùn

Jìtá oníná mẹ́tàdínlógún ló so sórí igi ọsàn tó wà láàárín yàrá ìyá mi ní Ìkìrun. Kò sí igi kankan nínú yàrá náà nígbà tí mo ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn àdí àti káńfọ̀ ìyá mi ni mo fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Àwọn jìtá náà ti pọ́n. Ẹyọ kan ṣoṣo tí kò tíì pọ́n wà lókè téńté, àwọ̀ ewé ló ní, kò sì tíì yọ okùn.

Bọ̀dá Adégòróyè, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa, jókòó sórí àpótí aṣọ ìyá mi, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Ọdún mọ́kànlélógún ti kọjá tí wọ́n ti kú. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní ṣé òtútù òkè òkun ò tíì pa mí. Mo ní kò tíì pa mí, sà.

"Ọláòṣebìkan, mú ọ̀kan," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Tí jìtá kan bá gbà láti bá ọ lọ, àyè rẹ ṣì ń bẹ. Tí kò bá sí, Làmídì ni yóò jókòó síbẹ̀."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Lọ́rì ẹgbẹ́ wa dúró sínú odò, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti wà lórí rẹ̀. Mo rí àga mi, èyí tí mo dìde lórí rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn, tí mo ní ọdún méjì péré ni mo ń lọ lò lókè òkun. Làmídì, àbúrò gbogbo wa nínú ẹgbẹ́, ti gbé ẹ̀gbẹ́ ìdí kan lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kánjú o!" ló kígbe. "Ẹ rọra ṣà á. Mo ń bá yín mú àga yín gbóná ni!"

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í kọ́kọ́ bèèrè ohùn jìtá. Ìlú rẹ̀ là ń bèèrè, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wádìí ìdílé ìyàwó kí wọ́n tó lọ tọrọ rẹ̀. Ní ti Bọ̀dá Adégòróyè, ìlú kan ṣoṣo ló sì wà. "Jámánì ni irin," ni wọ́n máa ń wí. "Páànù ni ìyókù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn jìtá náà léèrè ìlú wọn. Pupa kan ní Amẹ́ríkà ni òun ti wá. Ó sọ̀rọ̀ títí, kò bi mí lórúkọ. Mo dá a padà sídìí ewé rẹ̀, ó sì lẹ̀. Òmíràn ní ìlú kan ni wọ́n ti gé igi òun, ìlú mìíràn ni wọ́n ti so ọrùn mọ́ òun, ìlú kẹta ni wọ́n ti kun òun lọ́dà, òun ò sì mọ ọdún ìlú wo ni kí òun máa ṣe. Ó sunkún díẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta dúdú, ó ń dán. Ó ní Jámánì ni òun, ó sì sọ aago tó lù fún mi. Mo wo ojú Bọ̀dá. Wọ́n ń jẹ gúgúrú wọn lọ. Mo na ọwọ́ sí i.

Kí ọwọ́ mi tó kàn án, yàrá náà ti di ẹ̀yìn ilé káfíńtà. Èérún pákó mù mí dé orúnkún. Igi ọsàn ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ jìtá kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó fi ewé bo ọrùn.

"Káàárọ̀ o, onísáńpépà," ló wí.

Jìtá mi àkọ́kọ́ ni. Jàpáànì ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Nítorí kí Bọ̀dá lè gbà mí sẹ́gbẹ́, ẹ̀yìn ilé káfíńtà yìí gan-an ni mo ti fi sáńpépà ha orúkọ náà kúrò, mo sì fi ọ̀dà kọ Jámánì síbẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ni jìtá náà wí, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, "ni mo fi jẹ́ ọmọ ìlú tí n kò dé rí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá yíjú sí Bọ̀dá. "Bọ̀dá mi, Jàpáànì ni. Mo parọ́ fún yín."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí gúgúrú fi ń já bọ́ láti etí wọn. "Ìwọ ọmọ yìí! Ta lo rò pé o tàn? Jámánì wo ni ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín báyẹn? Tèmi gan-an, Jàpáànì ni. Ṣé ìwọ nìkan lo ní sáńpépà ni?"

"Tèmi náà!" ni onífèrè wa kígbe lórí lọ́rì.

"Ìlú Àbá ni wọ́n ti ṣe tèmi," ni Làmídì wí, "mo sì kọ Jámánì sí i lẹ́ẹ̀mejì!"

Lọ́rì fun fèrè. Mo ní kí jìtá máa bọ̀.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Ìwọ ńkọ́, ibo ni wọ́n ti ṣe ọ́?"

Mo la ẹnu, nọ́ńbà ilé mi ní Mánṣẹ́sítà ló jáde, àti nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Jìtá gun ẹ̀ka kan sókè. Táyà ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú omi. Mo tún ẹnu là.

"Agbolé Aláró ni," ni mo wí. "Lórí ẹní, lásìkò àgbàdo tútù. Wọ́n ní mo kọ́kọ́ sín kí n tó ké."

N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Ó dùn lẹ́nu mi. Jìtá náà já ara rẹ̀ kúrò lórí igi, ó bọ́ sí mi lápá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Mo sáré wọnú omi. Làmídì dìde lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fà mí gòkè. Mo jókòó. Kò sí iná mànàmáná lórí lọ́rì, nítorí náà mo ki ẹnu wáyà jìtá bọ inú odò, odò náà sì tàn láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ afárá. Àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí ń bọ́ bàtà wọn lódìkejì. Wọ́n ń tò ó sórí omi, ó ń dúró. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún bàtà, imú gbogbo rẹ̀ kọjú sí wa bí èrò tó ń dúró de orin.