Àyè Ègbè

Etí òsì nìkan ló ń gbọ́. Ráliátù fi ìka ta ìdí okùn hẹdifóònù níbi tó ti wọnú rẹ̀kọ́dà, etí ọ̀tún pariwo ṣàà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tún kú. Ó yọ okùn náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún tì í bọ ihò. Níwájú rẹ̀, Limota, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, jókòó sórí àpótí. Ó ti wé gèlè, ó ti wúkọ́ tán, ó ti mu omi gbígbóná, ó wá ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó fẹ́ fi ṣíbí gbẹ́ kànga.

"Ṣé kí n dá orin?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i."

"Mo ní sùúrù. Ọ̀fun mi ni kò ní."

Ráliátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Lọ́la ni Sàláwù, àkọ́bí Màmá, ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kó ìyá rẹ̀ lọ pátápátá. Lóṣù tó kọjá, Màmá gbé ìkòkò ka iná, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó lọ sùn. Àwọn aládùúgbò kanlẹ̀kùn títí, Màmá kò gbọ́, àfìgbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé. Sàláwù ní ó tó gẹ́ẹ́, àgbà tí etí rẹ̀ ti di kò gbọdọ̀ dá gbé lókè Ọ̀kà mọ́. Ẹrù ti wà ní dídì nínú yàrá. Bí Màmá bá sì lọ, orin náà bá a lọ nìyẹn.

Orin yìí ni wọ́n fi ń sin ọmọge lọ sílé ọkọ ní ilé tí wọ́n bí Màmá sí ní Àrìgìdì. Èdè Àrìgìdì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ará Ọ̀kà kò sì gbọ́ ọ. Ráliátù tí wọ́n bí sí Ìkàrẹ́ kò gbọ́ ju "omi" àti "wá jẹun" lọ nínú èdè náà. Ọdún yìí tí òun fúnra rẹ̀ máa ṣègbéyàwó ló tó béèrè bóyá ẹnì kan ṣì wà tó mọ orin náà yàtọ̀ sí Màmá. Màmá ní kò sí. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán.

Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ìkàrẹ́ ni Ráliátù ti ń ṣiṣẹ́. Ìròyìn ló ń kà. Ẹnu ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́, ẹni tó bá sì rí i níbi tó ti ń bá okùn jà láàárọ̀ yẹn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí. Suleiman tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀ ló yá a ní rẹ̀kọ́dà, ṣùgbọ́n Suleiman wà ní Ìṣùà níbi tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti ń gbéyàwó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà: "Má gba ojú ẹ̀rọ gbọ́ o. Etí ẹ ni kó o gbà gbọ́. Ohun tó ò bá gbọ́ nínú hẹdifóònù, kò sí nínú ẹ̀rọ." Ráliátù ti ka ọ̀rọ̀ náà sórí bí ọmọ kéú.

Ó yí ẹnu okùn náà, ó tì í, ó dún kàù. Ó tẹ bọ́tìnì pupa. Iná pupa kékeré yọ, ó ń ṣẹ́jú sí i, etí méjèèjì sì là lẹ́ẹ̀kan náà.

Áà! Ariwo wọlé. Ó gbọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti orí àpáta, ó gbọ́ tẹ̀sùbáà Màmá tó ń lu ara rẹ̀ lórí itan, ó tilẹ̀ gbọ́ itọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbé mì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó gbọ́ òkúta tó ń lu òkúta: kò, kò, kò.

"Màmá, ta ló ń pa ẹkùrọ́?"

"Ẹkùrọ́ wo?" Màmá na etí, kò gbọ́ nǹkan kan. "Bóyá ẹni ẹ̀yìn ògiri ni."

Ráliátù mọ ẹni ẹ̀yìn ògiri. Theresa ni, opó Pius. Pius yìí ni àbúrò Abọ́dẹrìn, ọkọ Màmá. Inú ilé kan náà làwọn ọkùnrin méjèèjì kú sí, ọ̀kan ń lọ sí mọ́sáláṣí, ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà nítorí Ọlọ́run. Àwọn ìyàwó ló jà. Màmá fúnra rẹ̀ ló fa Theresa wá fún Pius, Ìyàwó ló sì ń pè é, ṣùgbọ́n nígbà tí Pius kú, wọ́n dá ọjọ́ ìsìnkú, ẹnu ọjà ni Màmá ti gbọ́ ọ. Ìyáálé ilé, ó wá gbọ́ ọjọ́ ìsìnkú lẹ́nu oníyọ̀! Kò lọ. Theresa sì ní òun kò ní gbàgbé pé àga ìyáálé òun ṣófo lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ òun wọlẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Ògiri amọ̀ tó wà láàárín wọn kò sì nípọn ju apá kan lọ.

"Ó yá, Màmá. Ẹ dá a."

Màmá di ọwọ́ ara rẹ̀ mú, ó pa ojú dé, ó gbé orin. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó dúró. Ráliátù kíyè sí i pé òkúta ẹkùrọ́ náà dákẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́kàn pé ìyọlẹ́nu ti tán.

Nígbà tí Màmá kọ ẹsẹ kìíní tán, ó dákẹ́. Ráliátù dúró. Ó pẹ́. Ó gbàgbé ni, Ráliátù rò, orí àgbà ti ń jò. Ó fẹ́ la ẹnu, nígbà tí nǹkan kan dìde nínú hẹdifóònù: ohùn tín-ín-rín kan, nísàlẹ̀ atẹ́gùn, tó ń kọrin.

Ó ṣí hẹdifóònù kúrò ní etí kan. Kò sí nǹkan kan. Ewúrẹ́ nìkan. Ó dá a padà sétí: ohùn náà wà níbẹ̀. Bó ṣe parí ni Màmá gbé ẹsẹ kejì, tí kò tilẹ̀ la ojú, bí ẹni pé ayé dára.

"Aúsù bíláhì," Ráliátù wí, kò mọ ìgbà tó sọ ọ́ síta.

Màmá la ojú. "Kí lo rí?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ̀rọ yìí ni."

Ẹ̀rọ ni, àbí kí ni? Ó wọ ibi àtúntò ẹ̀rọ náà. Ó kúrò lórí ọ̀kan, ó bọ́ sórí òmíràn. Ohun gbogbo bọ́ sí etí òsì, ó dá a padà. Ó mú kí ohùn lọ sílẹ̀, ó mú kó lọ sókè. Ó ní kí Màmá tún un dá. Màmá kọ ẹsẹ kan, ó dákẹ́, ohùn tín-ín-rín náà tún dé. Ráliátù pe Suleiman lórí fóònù. Ìlù àti ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.

"Bọ̀ọ̀dá Suleiman, ohùn ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀kọ́dà yín o."

"Ohùn ta ni?"

"Ṣé èmi ló yẹ kí ẹ bi? Ó ń kọrin."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àwọn akọrin Ọ̀bà ni. Mo gba orin wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ní láti jẹ́ pé ó ti dà pọ̀ mọ́ tìẹ. Fọ́máàtì mẹ́mọ́rì yẹn, jàre. Nù ún dànù, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Ráli, wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù, jẹ́ n lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Ráliátù wá ibi ìnurẹ́ rí. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó gbé àtàǹpàkò lé bọ́tìnì, ó sì wo Màmá. Ọ̀fun Màmá ti ń há. Ẹsẹ mélòó ló kù lára ọ̀fun náà? Bó bá nu gbogbo rẹ̀, tí Màmá kò sì lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ńkọ́?

Ọkàn rẹ̀ dàrú, àfi bí ìgbà tí èèyàn bá dé oríta tí wọ́n ti yọ pátákó ibẹ̀. Etí ni kó gbà gbọ́, etí sì ń gbọ́ ohun tí kò sí. Ó fẹ́ tẹ bọ́tìnì náà tán, kí ìdààmú lè tán, nígbà tí èrò kan dá a dúró. Akọrin Ọ̀bà wo ló máa ń dúró de Màmá? Nínú gbogbo ìgbà tí ohùn náà dé, kò fìgbà kan bọ́ sórí ohùn Màmá. Ìgbà tí Màmá bá dákẹ́ nìkan ló ń wá. Ohun tó ti wà nínú ẹ̀rọ láti ọjọ́ Sátidé kò lè mọ ìgbà tí arúgbó yóò mí.

Ó mú àtàǹpàkò kúrò.

"Màmá, ẹ kọ ẹyọ kan sí i. Ẹyọ kan péré."

Màmá kọ ọ́, ó dákẹ́. Ráliátù kọ ojú rẹ̀kọ́dà sí ẹnu ọ̀nà: ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó kọ ọ́ sí ewúrẹ́: ewúrẹ́ ni. Ó kọ ọ́ sí ògiri, ohùn náà sì kún un létí, tó fi ń gbọ́ èémí tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ohùn àgbà obìnrin ni. Èdè tó ń sọ kì í ṣe ti Ọ̀kà.

Ó fa hẹdifóònù sọ́rùn. Ó súnmọ́ Màmá, ó sọ̀rọ̀ sókè kó lè gbọ́.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ fi máa ń dákẹ́ láàárín orin?"

"O rò pé mo gbàgbé, àbí?" Màmá fi í rẹ́rìn-ín. "Àyè ègbè ni. Ẹni tó dá orin ilé wa kì í gbè é fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó ń gbè é kò bá sí, o máa fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un ni. Èèwọ̀ ni kó o gorí rẹ̀ kọjá."

"Ta ló máa ń gbè é fún yín?"

Màmá fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí dé orí.

"Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Èmi ló kọ́kọ́ wá sí Ọ̀kà, mo wá padà lọ mú un wá. Àwa méjì la gbé orin yìí dé ibí. Mo sọ fún ọ pé wọ́n ti lọ tán." Ó mi orí sí ògiri. "Òun náà ti lọ. Kò gbè é mọ́."

"Ó ń gbè é, Màmá."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ kò gba àlàyé. Ráliátù tú gèlè Màmá, ó gbé hẹdifóònù bọ̀ ọ́ lórí, ó sì yí ohùn rẹ̀ lọ sókè pátápátá. Màmá ta kìjí. Ewúrẹ́ ni! Ó na ọwọ́ sí i bí ẹni pé ó wà lẹ́sẹ̀ òun.

"Ẹ kọ ọ́," Ráliátù fi ẹnu ṣe é, kò mú ohùn jáde.

Màmá kọ ẹsẹ kan. Kò kọ ọ́ sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó sọ ọ́ ni. Ó dákẹ́.

Ní báyìí Ráliátù kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú Màmá nìkan ló ń wò. Ó rí i tí ojú náà dúró, tó gbé ọwọ́ méjèèjì tẹ hẹdifóònù mọ́ orí bí ẹni tí ẹrù fẹ́ já bọ́ lórí rẹ̀. Omi kan yọ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ó ṣì ń pẹ́," ni Màmá wí.

"Kí ni, Màmá?"

"Ìyàwó. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbè é. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ ni mo ti ń bá a wí."

Ó ṣí hẹdifóònù lórí, ó gbé e lé Ráliátù lọ́wọ́. Kò béèrè ọ̀pá rẹ̀. Ó di ògiri mú, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, gèlè rẹ̀ wà nílẹ̀ níbi tó bọ́ sí.

Ráliátù gbé hẹdifóònù wọ̀, ó na ọwọ́ mú rẹ̀kọ́dà kó lè tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ló tó wo ojú ẹ̀rọ. Iná pupa náà ṣì ń ṣẹ́jú. Lábẹ́ rẹ̀ ni iye àkókò tó ti gbà sílẹ̀ wà: òdo, òdo, òdo. Ó gbọ́ ohun gbogbo, ẹ̀rọ kò mú ẹyọ kan. Gbogbo àárọ̀ ló ti ń fetí gbọ́ nìkan, ohùn gba etí wọlé, ó sì kọjá lọ.

Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ẹnu rẹ̀ ti là láti ké pe Màmá padà. Ó tún bọ́tìnì pupa náà tẹ̀, ìtẹ̀ kejì tí ẹ̀rọ ti ń dúró dè, iná náà sì dúró gbọin, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Ìyàwó!" Ohùn Màmá ló dún ní ìhà kejì ògiri, sókè bí ti ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀.

Òkúta kan já bọ́ lórí òkúta. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Ewúrẹ́ pàápàá kò jẹun mọ́. Ráliátù dúró, rẹ̀kọ́dà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, nọ́ńbà ń lọ. Kò wọ ibi àtúntò. Kò fi ìka ta okùn. Ó fi àyè náà sílẹ̀.

"Ẹ rọra o, ìyáálé mi," ni ohùn tín-ín-rín náà wí nígbẹ̀yìn. "Èèpo ẹkùrọ́ wà nílẹ̀, kó má gún yín lẹ́sẹ̀."