Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìdí Pọ́ǹpù Ngatirah

Pọ́ǹpù Ngatirah ń kùn, kò fa omi. Ó ń kùn ṣáá bí ọ̀lẹ tí wọ́n jí ní kùtùkùtù, ẹnu páìpù sì gbẹ táútáú. Ngatirah wò ó, ó sì wo báàfù mẹ́ta tí ẹ̀wà sóyà rẹ̀ rẹ sí láti àná. Ẹ̀wà tempe ni, èyí tí wọ́n ń wé sínú ewé fún ọjọ́ méjì kó lè kan, kó sì dì. Ó ti sè é lẹ́ẹ̀kan. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo bọ́, kó fi omi tó mọ́ ṣàn án, kó tún un sè, kó sì wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ká a mọ́ inú omi àná, á yọ̀, á rùn. Ọ̀túnla sì ni ọjà Pahing, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Bí Ngatirah kò bá rí tempe kó débẹ̀, Parti ará òdìkejì odò á jókòó sí àyè rẹ̀, Parti kì í sì í ṣe ẹni tó ń dìde tó bá ti jókòó.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ odò di òkúta, kànga àwọn aládùúgbò ti di ẹrẹ̀. Kànga tirẹ̀ nìkan ló ṣì lómi, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bo orí rẹ̀. Páìpù nìkan ló ráyè wọ̀ ọ́.

Ní abúlé yìí ní erékùṣù Jáfà, ẹnìkan kì í dá nǹkan tún ṣe. Kí o tó sọ pé "yéè", ọkùnrin mẹ́rin ti pé síwájú ilé rẹ láti ràn ọ́ lọ́wọ́. Àṣà tó dáa ni, bí kì í bá ṣe ti àwọn ọkùnrin náà.

Olórí wọn ni Pakde Kasdi, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Ngatirah. Pakde ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá níbẹ̀, Dik sì ni àbúrò. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì omi ìjọba. Iṣẹ́ wo? Òǹtẹ̀ ló ń lù sórí ìwé. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n fìlà iṣẹ́ náà kò tíì fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá sì já àgbà nírọ́ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ni wọ́n á ní kò kọ́ ọ.

"Dik Ngatirah," ó ní, bí adájọ́ tó ń ka ìdájọ́, "afẹ́fẹ́ ló kó sí i nínú. Ẹ bomi sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pakde," àwọn mẹ́ta yòókù dáhùn.

Wọ́n ṣí orí pọ́ǹpù, wọ́n da garawa kan sí i. Pọ́ǹpù kùn. Omi ò yọ.

"Kò tíì tó. Ẹ tún bù sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pakde."

Omi ìwẹ̀ lọ. Omi ọbẹ̀ lọ. Omi tí adìẹ ń mu pàápàá lọ.

"Pakde," Ngatirah ní, "kànga lẹ̀ ń dá omi padà sí. Ìdérí kékeré kan wà ní ìdí páìpù nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kómi padà. Kò pa dé mọ́. Àfi ká fa páìpù jáde."

Pakde rẹ́rìn-ín músẹ́. "Obìnrin mọ ẹ̀wà. Kó máa mọ ẹ̀wà ẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ọdún, Dik! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wà nídìí omi!"

"Mo mọ̀, Pakde. Ọgbọ̀n ọdún, yínkì nìkan ló sì rin yín lọ́wọ́."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ngatirah kọjú sí i. Suradal ni, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà.

"Suradal, tí táyà bá ń jò, ṣé fífẹ́ lo máa ń fẹ́ ẹ títí dalẹ́?"

Suradal ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Hẹ̀n... bí Pakde bá ṣe wí náà ni."

"O káre, òbúkọ. Irùngbọ̀n wà, ọ̀rọ̀ ni ò sí."

Pakde ò gbọ́ tiwọn. Ó ti na ìka sí àwọn báàfù. "Omi ṣì wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ gbé e wá."

Àwọn ọkùnrin dìde. Ngatirah ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, orí ẹ̀ ni màá rẹ mọ́ ẹ̀wà."

Wọ́n jókòó padà. Ngatirah pa iná pọ́ǹpù, ó mú sípánà, ó tú páìpù kúrò lára pọ́ǹpù, ó gbá a mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Mítà mẹ́jọ. Páìpù ń tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ lórí rẹ̀ bí ejò tó fẹ́ gun igi. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wò ó. Pakde ò tíì ní kí wọ́n dìde. Nígbà tí ìdí páìpù yọ, òkúta wẹ́wẹ́ kan rèé, tó há sí etí ìdérí, tó ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Omi kànga ti fà sísàlẹ̀, pọ́ǹpù ti ń fa iyanrìn. Ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́, ó ti páìpù padà sínú kànga, ó dè é le.

Ó wá ku omi tí yóò fi ṣí pọ́ǹpù lọ́fun, torí pọ́ǹpù tí inú rẹ̀ gbẹ kì í fa omi. Fìlà Pakde ti fi gbogbo omi ilé bọ́ kànga. Ti ẹ̀wà nìkan ló kù. Bó bá dà á tán tí omi ò jáde, ẹ̀wà á wà níhòòhò nínú oòrùn, ó parí nìyẹn. Ó ro omi báàfù kìíní, ó dà á. Ó da ti ìkejì. Ní ìkẹta, omi kún dé ẹnu pọ́ǹpù, ó dúró. Kò lọ síbì kankan.

Ó tan iná. Kíkùn náà yí padà, ó di ìmí ẹni tó gbẹ́rù. Ìfófòó funfun tó ń rùn bí ẹ̀wà kọ́kọ́ tú jáde, lẹ́yìn náà omi, omi tó mọ́ gaara, ó ń rọ́ bọ̀.

"Ẹ ò rí i?" Pakde dìde. "Mi ò ti sọ fún yín pé omi ló ń fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pakde," àwọn méjì dáhùn.

Suradal mi orí. "Ìdérí ìsàlẹ̀ ni, Pakde."

"Ẹ káàbọ̀ o, Suradal," ni Ngatirah wí. "Láti àárọ̀ la ti ń retí ẹ."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti káṣọ sókè dé orúnkún, ó ti wọ inú báàfù àkọ́kọ́, omi tuntun ń dà lé ẹ̀wà lórí, èèpo ń léfòó.

"Ẹni tó bá wá ràn mí lọ́wọ́ lóòótọ́, kó bọ́ bàtà. Báàfù ṣì ku méjì."

Pakde tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní wọ́n ń retí òun nílé. Kò sẹ́ni tó sìn ín. Oòrùn ò tíì dé àárín òrùlé nígbà tí Ngatirah gbé ìkòkò ẹ̀wà kaná.