Wáyà Inú Ògiri

Bàbá àgbà mi kì í fi ipá tú aago. Wọ́n ní aago tó bá ń ṣàìsàn, kéèyàn jókòó tì í, kó tẹ́tí, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tó ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́ dàgbà, torí ẹ̀gbẹ́ tábìlì iṣẹ́ wọn lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ìyá mi ti kọ́ mi ní ìwé.

Ẹsẹ̀ bàbá kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ṣì mọ iṣẹ́. Ìyẹn ni ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní ìlú mìíràn fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ti ilé fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní títún aago ńlá ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá ń yọ sípíríǹgì lọ́wọ́ ni àwòrán gan lójú kọ̀ǹpútà, kò mì mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ohùn wọn ń já bí okùn tó ti gbó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà fi ọ̀wọ̀ sọ pé bí ẹ̀kẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn á dá a dúró. Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí bá mi wọlẹ̀ lọ."

Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, ògiri ilé wa sì nípọn bí ẹ̀yìn alágídí, kì í jẹ́ kó dé òkè dáadáa. Bàbá kékeré mi, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ réwáyà, oníṣẹ́ iná, fẹ́ lu ògiri kí wọ́n lè fa okùn gba inú rẹ̀ gòkè. Bàbá àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ lu ògiri àwọn, kó dúró kí àwọn kọ́kọ́ kú ná. Ni mo bá rọra sọ pé wáyà ṣáà ti wà nínú ògiri tẹ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan wà, méjì-méjì ni wọ́n ń tà á, ó rí bí ṣájà ńlá. Èèyàn á ti ọ̀kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, á ti èkejì bọ ti òkè, wáyà iná á sì máa bá wọn gbé ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn.

Bàbá kékeré rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́ bọ́. "Adákẹ́," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, "iná ni mo fi síbẹ̀, mi ò fi lẹ́tà sí i." Síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló lọ ra ẹ̀rọ náà. Ẹnu wọn ló máa ń kọ̀, ọwọ́ wọn kì í kọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́ kẹta, a ti ẹ̀rọ tìsàlẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. A ti tòkè bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, ó ń tan pupa. Bàbá kékeré yọ ọ́, wọ́n tì í bọ ògiri tààrà, ó di àwọ̀ ewé. Wọ́n ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò fẹ́ alárinà. Ojú ọ̀gá yọ lórí kọ̀ǹpútà, ó mọ́ kedere. Bàbá àgbà fa àga súnmọ́ tábìlì, wọ́n fi awò sójú, wọ́n tan iná tábìlì wọn.

Àwòrán gan. Ẹnu ọ̀gá là sílẹ̀ gbàgà.

Bàbá kékeré ní kì í ṣe wáyà àwọn, wáyà tí àwọn fà sínú ilé yìí kò já àwọn kulẹ̀ rí. Wọ́n sáré lọ wo tìsàlẹ̀, wọ́n tún sáré padà. Ohùn ọ̀gá ń já wọlé: àwọn ọmọ iṣẹ́ ti pé, bóyá kí bàbá kúkú lọ sinmi.

Èmi ti fura. Bàbá kékeré ló ra iná tábìlì yẹn fún bàbá, ọrùn rẹ̀ gùn, wọ́n pe aládùúgbò wá wò ó. Láti ìgbà tó ti dé ni rédíò bàbá kò ti gbádùn mọ́. Bí iná bá ti tàn, rédíò á máa kùn bí oyin. Nígbà tí mo bi bàbá, wọ́n ní àwọn méjèèjì kì í ṣọ̀rẹ́, kí n má sọ ọ́ síta, wọ́n sì ti rédíò mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Báwo ni ọmọdé ṣe fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀bùn àgbà lójú rẹ̀? Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Mo yọ rédíò, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mo yí i. Ó kùn.

"Bàbá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ́tí sí i."

Mo pa iná. Ohùn rédíò là, ẹnì kan ń ka ìròyìn. Mo tan iná, ó tún kùn. Mo pa á. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá pa ẹnu dé, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ geere.

Bàbá kékeré wo dúrọ́ọ̀ tó ṣí sílẹ̀ pẹ́. "Bàbá, ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Mo mọ̀. Ìwọ ni mo bí, mi ò bí rédíò."

Bàbá kékeré bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé wáyà àwọn kò jẹ̀bi, ariwo iná yìí ni kò jẹ́ kó gbọ́ràn. Wọ́n di orí tábìlì kan mú, mo di ìkejì, a gbé e lọ sójú fèrèsé. Oòrùn bọ́ sínú aago, gbogbo eyín rẹ̀ ń dán.

Bàbá yọ sípíríǹgì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀gá wá béèrè bóyá wọ́n á lè ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ wá aago tó lágídí," ni bàbá wí.

Bàbá kékeré ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ ní tiwọn, wọ́n há iná tábìlì sí abíyá bí ẹni gbé adìyẹ tó da oògùn nù. Wọ́n ní àwọn á tú u wò.