Aago Tí Wọ́n Tì Mọ́ Dúrọ́ọ̀

"Òun ló yọ ẹ̀ńjìnnì ẹ̀ tà!"

Àbúrò olóògbé ju aago ọwọ́ oníwúrà náà sórí tábìlì Bàbá Aláago, ó sì nàka sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ tú u wò, bàbá. Àtìgbà tá a ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tá a tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ ni ò ti ṣiṣẹ́ mọ́."

Opó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pọnmọ. Àwọn ẹbí ọkọ ti kìlọ̀ fún un pé bí ohun ìní olóògbé kan ṣoṣo bá dín, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé.

Bàbá Aláago fi awò sójú, ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn aago. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn rèé o! Àwọn jíà wẹ́wẹ́ fi eyín wọnú eyín, ọ̀kan kò gún ìkejì lára. Òkúta pupa wíńníwínní ló gbé ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ró. Abẹ́ ìdérí tójú kì í dé pàápàá, wọ́n fín ọnà sí i. Bàbá ló máa ń tún un ṣe fún olóògbé, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Kò sí ohun tó dín níbẹ̀.

Aago yìí kì í lo bátìrì. Irin pẹlẹbẹ kan ń yí nínú rẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti ń mì, ìyẹn ló ń wé sípíríǹgì rẹ̀. Bí kò bá sí lọ́wọ́ èèyàn, á sùn. Wọ́n so ẹṣin mọ́lẹ̀, wọ́n wá ń bínú pé kò sáré! Ẹ̀rín ti ń pa bàbá, ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ni àbúrò olóògbé bá sọ̀rọ̀ sí i létí. "Bàbá, ẹ rántí pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹ ṣáà sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀."

Ẹ̀rù ba bàbá. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti hewú, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ta ló máa gbà á síbòmíràn?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni opó náà wí, "ẹ̀yin lẹ mọ inú ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ńjìnnì ẹ̀." Bàbá kò yọ awò lójú, kó má baà rí ojú opó náà.

"Háà! Bàbá!"

Opó náà tú kọ́kọ́rọ́ ilé létí aṣọ rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì, ó sì jáde sínú òjò.

Ọkùnrin náà wọ aago, ó ju apá síwá sẹ́yìn. "Ó mà ti ń ṣiṣẹ́! Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ èèyàn ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. "Ẹ ṣeun, bàbá."

Ojú ti bàbá, ìtìjú náà wọ̀ ọ́ dénú egungun. Ó sáré jáde láti pe obìnrin náà padà. Kò mọ orúkọ rẹ̀, kò mọ orúkọ ọmọ tó pọ̀n.

"Ìyàwó!" ló ń pariwo. "Ìyàwó o!"

Àwọn obìnrin mélòó kan bojú wẹ̀yìn nínú òjò. Opó náà kò sí nínú wọn.