Ọ̀mì ní Pápá Oníkòkò

"Sáré, Jemimah! Mo ní kí o sáré!"

Láwàlì Ṣóbándé ti fò kọjá ìlà ẹfun tí òun fúnra rẹ̀ ṣòfin pé kóòṣì kankan kò gbọdọ̀ kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Ṣùgbọ́n Jemimah kò sáré. Ó fi páákó ọwọ́ rẹ̀ rọra ti bọ́ọ̀lù náà sápá kan, ó sì na ọwọ́ òsì sí Àmọ̀dá tó ti gbéra láti òdìkejì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń dá mọ́tò dúró.

"Ẹ padà!" ló ké sí i. "Bùọ̀dá Àmọ̀dá, ẹ padà síbi tí ẹ wà!"

Àmọ̀dá sáré padà. Inú rẹ̀ dùn láti padà, kò sì fi pa mọ́.

Láwàlì fi ọwọ́ gbá itan. Eré kíríkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe eré tí gbogbo ará Sàngó mọ̀, ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ìkòkò yìí, ó ti pé ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnjiníà ará Íńdíà kan ló kọ́ wọn. Nígbà tí ó ń padà sílé, ó fi páákó àti bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún Láwàlì. Eré náà kò le láti lóye. Ẹni tó mú páákó ní ọ̀pá mẹ́ta lẹ́yìn tó ń ṣọ́. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fẹ́ wó àwọn ọ̀pá náà. Bó bá wó wọn, ẹni tó mú páákó jáde nìyẹn. Àmọ́ bí ẹni tó mú páákó bá gbá bọ́ọ̀lù síbi tó dára, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ ipò, wọ́n á sì gba ráànù kan. Bó bá gbá a fò kọjá òpin pápá láìbalẹ̀, ráànù mẹ́fà ni lẹ́ẹ̀kan náà.

Ráànù mẹ́fà gan-an ló kù kí àwọn oníkòkò fi borí àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì kan tó wà lójú ọ̀nà Ìdírókò. Jemimah àti Àmọ̀dá nìkan ló sì kù tó lè gbá a. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jáde, ó parí.

Ohun tó wà nílẹ̀ ju ráànù lọ. Alàgbà Cornelius Oyèwọlé, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ti ń wo pápá náà tipẹ́. Àwọn tírélà tó ń kó ìkòkò lọ sí Òkè Ọya kò ríbi dúró sí mọ́ láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn, tí mọ́tò àwọn olùjọsìn sì ń kún títí. Nígbà tí Alàgbà sọ ní kántíìnì, lójú gbogbo èèyàn, pé òun kò tíì rí ohun tí igi gbígbá yẹn ṣe fún ẹnikẹ́ni, inú bí Láwàlì.

"Ẹ jẹ́ ká pe àwọn yunifásítì wá, sà," ló sọ. "Bí wọ́n bá nà wá, ẹ kó tírélà yín wọ pápá. Mi ò ní sọ nǹkan kan."

"Mo gbà," ni Alàgbà dáhùn kíá.

Ojú ikọ̀ rẹ̀ ni Láwàlì ti sọ ọ́. Kò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn kó tó sọ ọ́.

Wọ́n ṣe àdéhùn lórí àkókò pẹ̀lú: bí wọ́n bá ti pe ìrun Alásárì, eré parí. Bí àwọn tó ń gbá kò bá tíì kó ráànù wọn pé, tí gbogbo wọn kò sì tíì jáde, wọ́n ta ọ̀mì nìyẹn. Àwọn mùsùlùmí inú ikọ̀ oníkòkò fẹ́ kírun, àwọn ará yunifásítì sì ní ìpàdé àdúrà nírọ̀lẹ́, nítorí náà ó bá gbogbo wọn lára mu. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè pé mọ́ṣáláṣí wo.

Dókítà Seth, olùkọ́ gíga tó ń ju bọ́ọ̀lù fún yunifásítì, tún padà sẹ́yìn, ó nu bọ́ọ̀lù mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì sáré bọ̀. Bọ́ọ̀lù náà yára bí òkò. Jemimah gbé páákó síwájú ọ̀pá mẹ́ta náà. Pàkà! Bọ́ọ̀lù kú sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Gbá a!" ni Láwàlì ń pariwo. "Ṣé o ń fi páákó yẹn gbálẹ̀ ni? Gbá a kó lọ!"

Nígbà náà ni ohùn kan gba orí òrùlé àwọn ilé-iṣẹ́ wá láti apá Joju, tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e wá tó ń gbé e lọ. Wọ́n ń pe ìrun.

Jemimah ki páákó bọ abíyá. Ó rìn lọ bá Dókítà Seth, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ti pe ìrun."

"Ìrun wo?" Dókítà mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ dání gírígírí. "Joju nìyẹn! Mọ́ṣáláṣí mélòó lẹ fi ń ṣe eré ní àdúgbò yìí?"

Rẹfirí ni Olúṣẹ́gun, tíṣà kan tí wọ́n mú wá láti Adó-Odò kí ẹnikẹ́ni má baà fẹ̀sùn ojúsàájú kàn án. Ó ti ń ká fìlà rẹ̀. "Ohun tí ẹ sọ fún mi ni pé bí wọ́n bá ti pe ìrun. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ọ̀mì ni."

"Ọ̀mì kẹ̀!" Láwàlì ti dé àárín pápá. "Rẹfirí, mọ́ṣáláṣí tiwa kò tíì pè! Tiwa la ní lọ́kàn!"

"Kóòṣì, ẹ̀yin mùsùlùmí," ni Olúṣẹ́gun sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ṣé ìrun tí wọ́n pè ní Joju kì í ṣe ìrun ni?"

Àwọn ikọ̀ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn náà ni mọ́ṣáláṣí ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe tirẹ̀. Dókítà Seth wo òkè, ó mi orí. "Ẹ wò ó báyìí. Ǹ bá ti ju òmíràn tó máa wó ọ̀pá yẹn."

"Àbí kí Jemimah gbá a kọjá odi," ni Láwàlì dá a lóhùn.

Ó lọ ṣe àlùwàlá. Ó rí ẹ̀rọ omi tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀, ó tì í, ó sì bínú sí onítọ̀hún lọ́tọ̀. Ó kírun tán, ṣùgbọ́n ráànù mẹ́fà náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ni láti fi irin kékeré kan lu ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó o sínú páálí. Bó bá dún dáadáa, ó kọjá. Bí kò bá dún, wọ́n á dà á padà sínú iná. Kò sí ìkòkò tó wà láàárín. Láwàlì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà dé pápá, Kàfáyá tó ń se oúnjẹ ní kántíìnì ti gbé mínírà jáde fún ikọ̀ méjèèjì. Àwọn oníkòkò ń jó. Àmọ̀dá, tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè nínú ilé-ẹrù, ń jó ju gbogbo wọn lọ, ó sì gbé páákó lé èjìká bí ìbọn.

"Kí lẹ ń jó fún?" Láwàlì béèrè.

Ijó náà rọlẹ̀.

"Mo bi yín léèrè. Ẹni tí kò borí, kí ló ń jó fún? Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó bá lọ jìnnà, a ti borí! Mo ń pariwo títí ọ̀fun fi fẹ́ já, Jemimah tó jẹ́ balógun ikọ̀ ń gbálẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́: láti Mọ́ńdè lọ, Adéjọkẹ́ ni balógun."

Adéjọkẹ́ tí wọ́n dárúkọ gbé ìgò mínírà kúrò lẹ́nu. "Èmi? Ẹ dákun sà, ẹ má fi mí sí i."

"Kóòṣì," ni Àmọ̀dá wí, "ẹ wo ojú mi dáadáa. Èmi ni mo wà lódìkejì. Bí Jemimah bá sáré gba ráànù kan, ta ni bọ́ọ̀lù Dókítà máa wá bá?"

"Ìwọ."

"Ẹ ṣeun. Láti ìgbà tí ẹ ti ń kọ́ mi, ṣé bọ́ọ̀lù kejì ti bá mi lórí ìdúró rí?"

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Kàfáyá fi ìdí aṣọ nu ojú. Jemimah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tú okùn ìbòjúgun tó dè mọ́ ẹsẹ̀, ó sì ń ká a jọ létòlétò.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà," ló wí. "Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó bá lọ jìnnà, a ti borí. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó bá sì ṣì mí lọ́wọ́, tírélà nìyẹn."

Láwàlì fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn irin ẹ̀gbẹ́ pápá ti dún. Alàgbà Oyèwọlé wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó mú téèpù ìwọnlẹ̀ dání. Òun ló ń bójú tó àwọn tírélà.

"Ẹ kú eré o!" Alàgbà kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Ta ló borí?"

"Ọ̀mì ni, sà," ni Olúṣẹ́gun dáhùn.

"Ọ̀mì. Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn nínú eré yín? Ṣebí ráànù ti àwọn yunifásítì ló pọ̀ jù?"

"Tiwọn ló pọ̀ jù, sà, ṣùgbọ́n àkókò ti pé kí wọ́n tó lè lé àwọn oníkòkò jáde tán. Kò sẹ́ni tó borí."

"Àwọn oníkòkò kò borí," Alàgbà tún un sọ, ó sì yíjú sí oní-téèpù. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa téèpù jáde.

"Ẹ dúró ná, Alàgbà!" Kàfáyá ti gbé ọwọ́ lé ìdí. "Kántíìnì mi lẹ ti sọ ọ́. Mo ń bu ẹ̀wà fún yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá nà wọ́n lẹ gbà sí. Ta ló nà wọ́n?"

"Kàfáyá, ẹni tí kò borí..."

"Mi ò gbọ́ ìyẹn, sà. Ta ló nà wọ́n?"

Alàgbà nu iwájú orí. Kì í ṣe ẹni tó ń yẹ àdéhùn, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Kò burú. Ẹnu Kóòṣì lọ̀rọ̀ náà ti jáde, ẹ jẹ́ kó sọ fún wa. Kóòṣì, ẹ̀yin mọ eré yìí jù wá lọ. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ, mo fara mọ́ ọn. Ṣé wọ́n nà yín ni?"

Gbogbo wọn wo Láwàlì. Ó wo téèpù tó nà sílẹ̀ lórí koríko. Ó wo ìlà ẹfun iwájú ọ̀pá tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà láàárọ̀ kùtùkùtù, tí àtẹ̀lẹsẹ̀ Jemimah ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nù tán níbi tó dúró sí tí kò kúrò. Ohun tó ti ń sọ láti ìgbà tí eré ti parí ni pé ẹni tí kò borí kò ṣe nǹkan kan. Bó bá tún un sọ báyìí, tírélà á wọlé.

"Wọn ò nà wá, sà," ló wí.

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ṣé ó wá tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, sà. Ṣùgbọ́n wọn ò nà wá."

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ kan oní-téèpù léjìká. "Ká a, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀yìn ilé-ẹrù." Bó ṣe ń lọ, Kàfáyá fún un ní ìgò mínírà kan, ó sì gbà á.

Ariwo sọ. Àmọ̀dá tún bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀. Láwàlì kò dá sí wọn. Ó lọ síbi tí Jemimah ti ń kó àwọn ọ̀pá mẹ́ta náà jọ.

"Ìpè Joju yẹn," ló wí. "Èmi tí mo jẹ́ mùsùlùmí, mi ò gbọ́ ọ. Báwo ni ìwọ ṣe gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yẹn nilé wa wà, sà. Òun ló máa ń jí mi lọ sí ìpàdé àdúrà àárọ̀. Ládáànì ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òun ló máa ń kọ́kọ́ pè." Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọ̀pá kan. "Láti ìgbà tó ti ku èmi àti Bùọ̀dá Àmọ̀dá ni mo ti ń tẹ́tí sí i."

"Nígbà tí mo ń pariwo pé kí o sáré?"

"Ẹ má bínú, sà. Ariwo yín ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Láwàlì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Jemimah má baà rí ẹ̀rín tó fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi páákó lé mi lọ́wọ́," ni Jemimah ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ẹ ní kí n ṣọ́ ọ̀pá mi. Ẹ ní kí n má ronú ráànù kankan títí n ó fi mọ ọ̀pá ṣọ́. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Ẹ lè fi Adéjọkẹ́ ṣe balógun, sà. Kò dùn mí."

Ó ń dùn ún. Láwàlì rí i lára bó ṣe ń gbọn ọ̀pá tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ó yẹ kí n ti bi yín kí n tó fi pápá yìí ṣe àdéhùn," ló wí, ó rọ ohùn sílẹ̀. Jemimah kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ gbígbọn ọ̀pá náà dúró.

Láwàlì lọ gbé garawa ẹfun àti okùn tí wọ́n fi ń fa ìlà. Kò sẹ́ni tó máa ń fa ìlà tuntun ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe eré tán. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n bá fẹ́ ṣe òmíràn ni. Àmọ̀dá ti ń wò ó tìyanutìyanu. Láwàlì kúnlẹ̀ síbi tí ìlà àtijọ́ ti pa rẹ́, ó tú okùn náà, ó sì na orí rẹ̀ kan sókè láìwẹ̀yìn.

"Balógun," ló wí, "mú okùn yìí dání. Fà á kó le."

Jemimah kó àwọn ọ̀pá sílẹ̀, ó sì wá mú un.