Orúkọ Kan fún Gbogbo Kòkòrò Odò

Ẹni tó bá rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo kòkòrò, kó ti ọwọ́ bọ ilé agbọ́n, kó wá sọ fún mi bóyá labalábá ló bá níbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún Nùsírátù, ọ̀rẹ́ mi, nìyẹn, nígbà tó fi iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè hàn mí níléèwé wa ní Ìkọ̀lé. Odò kan ní Ìpáò, ìlú rẹ̀, ló ń wádìí: ta ní ń jẹ ta nínú rẹ̀, kí ló sì dé tí ẹja fi tán nísàlẹ̀ odò? Ó ya àwòrán: ewé já sómi, kòkòrò ń jẹ ewé, ẹja ń jẹ kòkòrò. Kòkòrò pọ̀ lókè odò, ó pọ̀ nísàlẹ̀ bákan náà. Oúnjẹ wà, ẹja ò sí.

"Pín wọn," ni mo wí. "Má kó gbogbo wọn pọ̀."

Ó kùn, ó ní ṣé mo mọ bí máíkírósíkóòpù ṣe ń dun ojú ni. Síbẹ̀, ó pín wọn. Lókè odò, ó rí àwọn tó ń họ ewé jẹ, àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, tí ẹja fẹ́ràn láti máa jẹ, àti ọmọ lámilámi tó ń pa àwọn yòókù jẹ. Nísàlẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyẹn ti lọ. Ìdin pupa inú ẹrẹ̀ ló kù, tí oògùn apakòkòrò kì í tètè pa, tí wọ́n ń bí sí i bí ẹni pé àwọn ló ni odò.

Inú mi dùn, tirẹ̀ bàjẹ́. Oko kòkó méjì ló wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ odò yẹn: ti Ràṣídì, aládùúgbò wọn, àti ti Dáúdà, bàbá tó bí Nùsírátù. Láti kékeré ló ti ń rí bàbá rẹ̀ tó ń fọ páǹpù oògùn kòkó sínú omi náà. Bó bá dá àwòrán àkọ́kọ́ padà sínú iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó sunkún. Mi ò gbà á nímọ̀ràn, torí mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní bàbá mi ni.

Níkẹyìn, ó kọ ọ́ pé: "Àwọn àgbẹ̀ etí odò ń fọ páǹpù oògùn sínú omi." Ó ní bàbá òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, la bá jọ lọ sí Ìpáò. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Làásárì tán ni. Nùsírátù tẹ́ àwòrán méjèèjì síwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé, ó ka gbólóhùn náà. Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Uṣẹ́ gidi lo ṣe. Ṣùgbọ́n ulé ni Ràṣídì ti ń fọ tirẹ̀. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ sódò."

"Bàbá, mi ò lè dárúkọ yín."

"O pín kòkòrò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, o wá kó àwa àgbẹ̀ pọ̀ sójú kan. Kí ni Ràṣídì ṣe?" Ó ti ìwé náà padà sí i. "Kọ ọ́: oko Dáúdà."

Nùsírátù ò lè wojú rẹ̀. Ó mú bíró, ó sì kọ ọ́.